Gbólóhùn kan lórí ìwé ìdìbò: bí aráàlú ṣe ń dènà òfin tó dojú kọ àwọn akọsákọ àti abosábo

Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kọkànlá 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ tí Kim Davis gbé wá. Obìnrin yìí ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Kentucky nígbà kan rí, tó kọ̀ láti fún àwọn akọsákọ àti abosábo ní ìwé ìgbéyàwó, tó sì fẹ́ kí ilé ẹjọ́ yí ìdájọ́ ọdún 2015 padà, èyí tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣègbéyàwó ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìròyìn yẹn mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn mí kanlẹ̀. Àmọ́ ìdájọ́ 2015 yẹn kò pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé òfin àwọn ìpínlẹ̀. Gbólóhùn tí àwọn olùdìbò fi síbẹ̀ láàárín ọdún 1998 sí 2012, pé kò sí ìgbéyàwó mìíràn àfi èyí tó wà láàárín ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ṣì wà níbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ìdájọ́ yẹn kàn so ó mọ́lẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí California, Colorado àti Hawaii fi gbé ọ̀rọ̀ náà padà síwájú olùdìbò ní Oṣù Kọkànlá 2024, kí wọ́n lè yọ tiwọn kúrò. Ní California, bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ní Colorado, bí ìdá 64. Bẹ́ẹ̀, ní California kan náà, ní 2008, ìdá 52 ló dìbò pé kí wọ́n fi í síbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn àgbà ló kú tí àwọn ọ̀dọ́ sì dàgbà, pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò gbà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti 1977, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì já sí òfo kí wọ́n tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà.

Irú ìbò wo nìyí?

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kò lè ti dì irú ìbò yìí rí. Òfin tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá sí i, ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ṣe é, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló sì buwọ́ lù ú ní Oṣù Kìíní 2014. Kò sí ẹni tó bi aráàlú léèrè. Ìbò aráàlú tí àwọn àgbà wa lè rántí ni ti ọdún 1963, èyí tí wọ́n fi gé Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tó kù nínú ìwé òfin 1999 tó jọ ọ́ ni pípe aṣòfin padà sílé, tó wà ní abala 69 àti 110, ìyẹn sì le bí ojú ẹja: àwọn tó máa buwọ́ lùwé gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ. Nígbà tí INEC yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà wò ní 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí sí i kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Fi ìyẹn wé California. Níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé tó tó ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye àwọn tó dìbò gómìnà kẹ́yìn ti tó láti gbé àtúnṣe ìwé òfin síwájú gbogbo ìpínlẹ̀. Bí ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní irú ọ̀nà báyìí. Ẹgbẹ́ tó bá lówó lọ́wọ́ á háyà àwọn tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú pátákó àti bírò, wọ́n á sì máa sanwó fún wọn. Ní 2008, àwọn tó gbé Proposition 8 wá ní California, àbá tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀, kó ìbuwọ́lùwé 1,120,801 sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 694,354 ni òfin béèrè. Owó ló ṣe ìyẹn ju ìbínú aráàlú lọ.

Láti Miami dé California

Miami ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ńlá. Ní Oṣù Kẹfà 1977, olórin kan tó ń jẹ́ Anita Bryant kó ẹgbẹ́ jọ láti fagi lé òfin ìbílẹ̀ kan tó ní kí wọ́n má ṣe lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kúrò nínú ilé nítorí pé ó jẹ́ gay. Bí ìdá 69 ló bá a fagi lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, St. Paul, Wichita àti Eugene ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn alátakò wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ìgbà tí aṣòfin John Briggs gbé tirẹ̀ dé California ni nǹkan yí padà. Proposition 6 ni wọ́n pè é, ó fẹ́ kí wọ́n lé àwọn tíṣà tó jẹ́ gay kúrò nílé ìwé ìjọba. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1978, ìwádìí èrò fi hàn pé àwọn tó fara mọ́ ọn ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ fíìfíì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 7 Oṣù Kọkànlá, ìdá 58 ló kọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ń wá ohun tó fà á, kí ó lọ ka ọ̀rọ̀ inú àbá náà fúnra rẹ̀. Briggs kò fi mọ sórí ìwà tíṣà nìkan. Ó fi kún un pé tíṣà tó bá gbè sẹ́yìn ìwà àwọn gay, tó gba èèyàn níyànjú nípa rẹ̀ tàbí tó polongo rẹ̀ lọ́nà tó lè dé etígbọ̀ọ́ ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn náà. Ó túmọ̀ sí pé tíṣà tó lọ́kọ, tó bímọ mẹ́rin, tó kàn sọ níbi ìpàdé kan pé kí wọ́n fi àwọn gay sílẹ̀, lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta ko àbá náà tẹ gbólóhùn yẹn, wọ́n sì ń gbé e kiri. Ronald Reagan, gómìnà àná tí kò sẹ́ni tó lè pè ní ọ̀rẹ́ àwọn gay, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò dára lè fẹ̀sùn kan tíṣà rẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Ààrẹ Jimmy Carter náà ní kí wọ́n má dìbò fún un.

Apá kejì iṣẹ́ náà ni ti Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco, àti olùkọ́ yunifásítì Sally Gearhart, tí wọ́n jọ kojú Briggs níbi àríyànjiyàn. Milk ní kí gbogbo ẹni tó jẹ́ gay lọ sọ fún òbí rẹ̀, fún ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, fún ẹni tó ń ta nǹkan fún un. Ìṣirò òṣèlú ni: ẹni tó bá mọ ẹnì kan lójúkojú kì í fẹ́ dìbò lé e lórí. Ewu wà níbẹ̀, àwọn kan pàdánù iṣẹ́ àti ẹbí. Àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tó wá lẹ́yìn wọn tó sá fún apá kejì yìí ló rí àbájáde rẹ̀.

Kí ìwé tó délẹ̀: ìbuwọ́lùwé àti àkọlé

Ibi tó rọrùn jù láti pa irú àbá yìí ni kó má tiẹ̀ dé orí ìwé ìdìbò. Ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n fẹ́ fi ìbò lé àwọn transgender, ìyẹn àwọn tó ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe bí wọn, kúrò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2016 àti 2017. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìbuwọ́lùwé wọn kò pé. Iṣẹ́ tí àwọn alátakò ń ṣe nírú àkókò yẹn ni pé kí wọ́n mọ ibi tí àwọn agbowóṣiṣẹ́ náà ń dúró sí, kí wọ́n rán ẹni méjì-méjì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà àbá náà lódindi, kí wọ́n sì máa sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú." Wọn kò gbọ́dọ̀ já ìwé gbà, wọn kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà. Èyí tó máa ń bà á jẹ́ ni ariwo: tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì, èrò á pé lé e lórí, fídíò á jáde, àwọn tó ń gba ìbuwọ́lùwé á sì di ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ìwé sílẹ̀, ìyẹ̀wò ló kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé ìwé orúkọ olùdìbò. Wọ́n á gé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, ẹni tó buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì, àti ẹni tí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò bá ti inú fáìlì mu. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi iye tí òfin béèrè gẹ́lẹ́ sílẹ̀. Ní 2009, níbi Referendum 71 ní Washington, 137,689 ni wọ́n kó wá, 120,577 ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá gé ju bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó ti tán. Ó kọjá ní dín-ín-dín. Nígbà tí ìbò dé, ìdá 53 ní kí òfin tó dáàbò bo àwọn tó jọ ń gbé láìṣègbéyàwó dúró bó ṣe wà, nítorí náà àwọn tó gba gbogbo ìbuwọ́lùwé yẹn ṣe wàhálà lásán. Ọ̀ràn kan jáde lára rẹ̀ ṣá: ṣé kí orúkọ àwọn tó buwọ́ lùwé di ohun tí gbogbo ayé lè rí? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 2010 pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀ lápapọ̀, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjà lórí àkọlé, ìjà tí ará ìta kì í sábà rí. Ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í ka ju ìlà méjì mẹ́ta tó wà lókè àpótí ìbò lọ, ẹni tó bá kọ ìlà yẹn ti gba ìdajì ìbò. Ní Oṣù Keje 2008, Jerry Brown, agbẹjọ́rò àgbà California, yí àkọlé Proposition 8 padà, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àbá náà "gba ẹ̀tọ́ láti ṣègbéyàwó lọ́wọ́ àwọn akọsákọ àti abosábo." Àwọn tó gbé e wá sáré lọ sílé ẹjọ́, wọn ò rí i yí padà. Àbá náà ṣì wọlé, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò tó ìdá márùn-ún. Ní Minnesota ní 2012, Mark Ritchie, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ náà, gbìyànjú ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà sì dá a padà sí èyí tí ilé aṣòfin kọ.

Wàhálà míì tún wà nínú "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ní California 2008, ẹni tó fẹ́ kí àwọn gay máa ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ dì í pé "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ní Massachusetts 2018, ẹni tó fẹ́ kí òfin tó dáàbò bo àwọn transgender dúró gbọ́dọ̀ dì í pé "bẹ́ẹ̀ ni", bí ìdá 68 ló sì dì í bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń dìbò lòdì sí ohun tó wà lọ́kàn wọn láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjíròrò kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà fi gbọ́dọ̀ parí sórí àwòrán ìwé ìdìbò, kí olùdìbò fi ìka rẹ̀ hàn yín ibi tó máa sàmì sí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á ló ń pinnu ohun tí ẹ máa ṣe

Ìlànà tó gba Romania là lè rì yín ní Croatia. Ní Romania, ẹgbẹ́ àwọn onísìn kan kó ìbuwọ́lùwé mílíọ̀nù mẹ́ta láti yí ìwé òfin padà kí ìgbéyàwó akọsákọ má lè wọlé láé. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìjọba fi dìbò, 6 àti 7 Oṣù Kẹwàá 2018. Òfin ibẹ̀ ní kí ó kéré tán ìdá 30 nínú àwọn olùdìbò jáde. Àwọn alátakò wò ó pé àwọn ò lè borí nínú iye, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé. Ó lé ní ìdá 90 nínú àwọn tó jáde tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdá 21 péré ló jáde. Ìbò náà di òfo. Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní Slovakia ní 2015, níbi tí wọ́n ti nílò ìdajì tí ìdá 21 sì jáde.

Ní Croatia, wọ́n ti yọ irú gbèdéke yẹn kúrò kí wọ́n tó dìbò láti wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Nítorí náà nígbà tí wọ́n dìbò lórí ìgbéyàwó ní Oṣù Kejìlá 2013, bí ìdá 38 ló jáde, ìdá 66 nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wọ inú ìwé òfin. Ẹni tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn ti gbé ìbò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì.

Ti Hungary ní Oṣù Kẹrin 2022 ló ya èèyàn lẹ́nu jù. Ọjọ́ kan náà ni ìjọba fi í sí pẹ̀lú ìdìbò gbogboogbò, kí ẹnikẹ́ni má lè jókòó sílé. Ìbéèrè mẹ́rin tó wà lórí ìwé náà jẹ́ irú èyí tí kò sí ìdáhùn tó dára fún, bíi kí wọ́n bi ọ́ pé ṣé o fara mọ́ kí wọ́n máa polongo ìtọ́jú ìyípadà ẹ̀yà fún àwọn ọmọdé. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Háttér àti Amnesty ní Hungary wò ó, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi àmì X sí àpótí méjèèjì, kí ìwé náà bàjẹ́, nítorí òfin ní kí ìbò tó péye tó ìdajì gbogbo olùdìbò. Ìwé tó bàjẹ́ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ, ìbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì dúró. Àwọn tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń sàmì kò dá a dé sórí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n ya àwòrán rẹ̀: àpótí méjì, X méjì, ìbéèrè mẹ́rin, X mẹ́jọ.

Minnesota náà ní tirẹ̀. Níbẹ̀, àtúnṣe ìwé òfin gbọ́dọ̀ gba ju ìdajì gbogbo ẹni tó wá dìbò lọ́jọ́ náà, kódà ẹni tó fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo dọ́gba pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 2012, bí ìdá 47 péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni sí àbá tó fẹ́ ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀, àbá náà kú. Lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 6 Oṣù Kọkànlá, àwọn olùdìbò Maine, Maryland àti Washington fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. Kí ó tó di ọdún yẹn, kò sí ìpínlẹ̀ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nípa ìbò.

Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùpolongo gbà pé kí wọ́n má dárúkọ àwọn gay rárá ló dáa jù. Arizona ni àpẹẹrẹ. Ní 2006, àbá kan níbẹ̀ fẹ́ ka ìgbéyàwó akọsákọ léèwọ̀, ó sì tún fẹ́ gba àǹfààní lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó jọ ń gbé láìṣègbéyàwó. Ìpolongo náà gbájú mọ́ àwọn arúgbó, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé tí wọn ò fẹ́ ṣègbéyàwó kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má bàa dín kù. Ó ṣiṣẹ́: Arizona di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó kọ irú àbá yẹn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kejì gé apá tó kan àwọn arúgbó kúrò, wọ́n fi ìgbéyàwó nìkan sílẹ̀, ìdá 56 sì fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tí ìpolongo 2006 ti sọ nípa àwọn gay tó lè dúró fún wọn ní 2008.

Proposition 8 fi èyí hàn gbangba. Àwọn tó gbé e wá fi ọmọbìnrin kékeré kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tó ti ilé ìwé dé, tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti kọ́ pé ọmọọba ọkùnrin lè fẹ́ ọmọọba ọkùnrin, pé òun náà lè fẹ́ ọmọọba obìnrin. Àwọn alátakò pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, ìgbà tí wọ́n sì fèsì, wọn ò kojú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Olùpolongo kan, Dave Fleischer, ṣe àyẹ̀wò ìpolongo náà lẹ́yìn ìbò, ó sì rí i pé ó lé ní 687,000 èèyàn tó yí padà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù nínú wọn tó jẹ́ òbí tó ní ọmọ nílé. Àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n sì ti ń dá lẹ́bi láti òru ìdìbò, nítorí ìwádìí kan tó ní ìdá 70 nínú wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ òṣèlú méjì, Patrick Egan àti Kenneth Sherrill, tún un ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sún mọ́ ìdá 58, ìsìn ló sì ṣàlàyé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó kù. Ẹ̀bi yẹn bá ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìpolongo náà wí láìtọ́, ó sì pẹ́ kó tó tán.

Ibẹ̀ ni Fleischer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ LGBT ní Los Angeles ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ kanlẹ̀kùn àwọn tó dìbò ta kò wọ́n, láti bi wọ́n pé kí ló dé. Ọ̀nà tí wọ́n rí ló ń jẹ́ deep canvassing lónìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kí onílé, ẹ ní kó fi nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá sọ ibi tó dúró sí. Ẹ má bá a jiyàn lórí nọ́ńbà náà, ẹ bi í pé kí ló mú un mú márùn-ún, kí ló dé tí kì í ṣe òdo. Ẹ bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni tó jẹ́ gay tàbí transgender. Bó bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ti onítọ̀hún tán. Bí kò bá mọ̀, ẹ bi í ní ìgbà kan tí wọ́n fojú kéré òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà á wá sọ tiyín, ní ṣókí. Ẹ wá dárúkọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ọmọ ilé ìwé, ẹ má dúró kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ kejì. Ní ìparí, ẹ tún béèrè nọ́ńbà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ló ń gbà.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣubú ni pé wọn ò lè panu mọ́. Onílé bá sọ ọ̀rọ̀ kan láti inú Bíbélì, wọ́n á fi ẹsẹ Bíbélì mìíràn dá a lóhùn, ó ti parí nìyẹn, ó ti di ìdíje. Nínú ìwádìí tí David Broockman àti Joshua Kalla tẹ̀ jáde ní 2020, nígbà tí wọ́n yọ pàṣípààrọ̀ ìtàn kúrò tí wọ́n fi àlàyé nìkan sílẹ̀, kò sí ẹni tó yí padà.

Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló fi hàn pé iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, ó sì gba ojú tì kó tó dé ibẹ̀. Ní 2014, ìwádìí kan jáde tó ní ìjíròrò lẹ́nu ọ̀nà ti yí ọkàn àwọn èèyàn padà lórí ìgbéyàwó. Broockman, Kalla àti Peter Aronow yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé nọ́ńbà inú rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́, ìwé ìròyìn Science tó tẹ̀ ẹ́ jáde sì fà á padà ní Oṣù Karùn-ún 2015. Broockman àti Kalla wá ṣe tiwọn ní Miami, ọ̀rọ̀ àwọn transgender ni wọ́n mú lọ: àwọn akanlẹ̀kùn 56, olùdìbò 501, ìjíròrò bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyípadà náà ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó jáde ní 2016, kò sì tíì sí ẹni tó fà á padà.

Kí á ṣírò rẹ̀. Idaho ní 1994 kọ àbá kan tó lòdì sí àwọn gay pẹ̀lú àlàfo ìbò 3,098 péré. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ló wà níbẹ̀, ó jẹ́ bí 70 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni bíi 1,550 péré bá ti sọdá, àbá náà á ti wọlé. Ká ní ogún èèyàn jáde lọ́sàn-án Sátidé kan, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kanlẹ̀kùn ọgbọ̀n ilé, tí ẹni márùn-ún gbà láti sọ̀rọ̀ tán. Ìjíròrò ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ká ní ẹyọ kan nínú mẹ́wàá yí padà, ìbò mẹ́wàá ni. Láti kó 1,550 jọ, irú ìjáde bẹ́ẹ̀ 155 ni, àti àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn tó ń wakọ̀, àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan sí ìbò kò lè rí i ṣe. Ní Oregon 1992, àbá kan tó fẹ́ kí ìjọba pe ìwà àwọn gay ní ohun tí kò tọ́, tó lòdì sí ìṣẹ̀dá, kùnà pẹ̀lú ìdá 56. Ní Colorado lọ́jọ́ kan náà, àbá tí ohùn rẹ̀ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé pẹ̀lú ìdá 53. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ gbáko ni wọ́n fi wà ní kóòtù kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó fagi lé ti Colorado ní Oṣù Karùn-ún 1996.

Houston, Maryland àti àwa

Houston, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jọjọ, ni àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Òfin ìlú tí Mayor Annise Parker gbé wá ní 2014 dáàbò bo oríṣi èèyàn 15: aláwọ̀ dúdú, àgbàlagbà, aláboyún, ológun tó fẹ̀yìn tì, gay, transgender. Àwọn pásítọ̀ gba ìbuwọ́lùwé ta kò ó. Àwọn agbẹjọ́rò ìlú wá ṣe àṣìṣe ńlá, wọ́n fi ìwé kóòtù béèrè ìwàásù àwọn pásítọ̀ kan, gbogbo ilẹ̀ sì gbóná. Ní Oṣù Keje 2015, ilé ẹjọ́ Texas ní kí ìgbìmọ̀ ìlú fagi lé e tàbí kí wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ kejì fi oríṣi 14 sílẹ̀, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọkùnrin nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Ìdá 61 fagi lé e. Ìpolongo tó gbè é lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ okòwò àti ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn, kò sì kojú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà tààrà. Ní Anchorage, Alaska, ní Oṣù Kẹrin 2018, wọ́n ṣe é ní òdì kejì: wọ́n gbé àwọn transgender fúnra wọn síwájú, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń wọ̀ àti ìdí rẹ̀. Àbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà kùnà níbẹ̀.

Ní Maryland, níbi tí ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú lágbára, Question 6, àbá tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo, wọlé ní 2012 pẹ̀lú ìdá 52. Pásítọ̀ Delman Coates ti ìjọ Mt. Ennon Baptist ní Clinton wà lára àwọn tó jáde sọ pé òfin ìjọba yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ràn án lọ́wọ́ pé inú òfin náà gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí pásítọ̀ tí wọ́n lè fipá mú so ẹnikẹ́ni pọ̀. Àwọn akanlẹ̀kùn ń gbé ojú ìwé yẹn kiri. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ní Virginia, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i ní 2025 pé kí wọ́n yọ gbólóhùn ọdún 2006 kúrò. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé aṣòfin fọwọ́ sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìdìbò àwọn aṣòfin wà láàárín méjèèjì, kó tó dé ọ̀dọ̀ olùdìbò.

Fún àwọn tiwa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà: ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà lójú òfin nìkan ló lè dì í. Ẹni tó ní green card tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kódà tó bá jẹ́ pé akọ̀wé níbi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló fi bírò lé e lọ́wọ́, lè rí ìwé ìlélọ sílé gbà nítorí rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì náà kò yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé olùdìbò kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á sì gé e kúrò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè ní kí wọ́n gbé àbá náà lódindi fún òun, kó kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, kó sì dá bírò padà.